Bíréèkì Afẹ́fẹ́ Kì í Ṣàdédé Já: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Dá Trélà Dúró

Kò sí bí trélà ṣe lè pa èèyàn lórílẹ̀-èdè yìí tí ẹ kò ní gbọ́ pé bíréèkì rẹ̀ ló já. Ohun tí a gbọ́ nìyẹn ní Upper Iweka, ní Onitsha, lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí ọkọ̀ agbépo kan já wọ gáréèjì èrò, tí èèyàn tó lé ní 60 sì kú. Ohun náà la tún gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ agbépo mìíràn gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, l'Ékòó, lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018: èèyàn 9 kú, ọkọ̀ 54 jó. Ní Felele, Lọ́kọ́ja, lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ó kéré tán èèyàn 23 ló bá irú rẹ̀ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Bíréèkì já. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ a parí, àfi bí ẹni pé kádàrá ló sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àlàyé yẹn ń bo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an mọ́lẹ̀. Bíréèkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè já lójijì lóòótọ́, torí epo ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ sí ìdí táyà. Bí páìpù bá bẹ́, epo á dà nù, ẹsẹ̀ á sì wọlẹ̀ lásán. Ti trélà kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì tò ó lọ́nà tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá tán pátápátá, ńṣe ni ọkọ̀ á dì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí trélà bá ń sá lọ tí dírẹ́bà ń tẹ bíréèkì tí kò mú, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bọ̀, ẹnìkan sì ti rí i.

Orí ọkọ̀ ojú irin ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni George Westinghouse, ará Amẹ́ríkà, nígbà tó gba àṣẹ oníhùmọ̀ lórí bíréèkì afẹ́fẹ́ lọ́dún 1869. Ti àkọ́kọ́ yẹn ní àbùkù ńlá kan: afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì mú, tí páìpù bá sì já láàárín, gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ti di aláìní-bíréèkì nìyẹn. Lọ́dún 1872 ló yí i po. Ó ṣe é kó jẹ́ pé bí páìpù bá já tí afẹ́fẹ́ sì jò, bíréèkì ọkọ̀ gbogbo á mú fúnra wọn. Èrò yẹn, pé kí àbùkù máa dá ọkọ̀ dúró dípò kó máa tú u sílẹ̀, ni trélà òde òní jogún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gba ọ̀nà mìíràn ṣe tirẹ̀.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wò ó. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú àwọn táǹkì irin. Tí géèjì bá ti dé nǹkan bí 120 sí 125 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), ó dáwọ́ dúró; tó bá wálẹ̀ sí nǹkan bí 100, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù ń fi bar ka tiwọn, bar 1 sì tó psi 14.5. Pẹ́dàlì tí dírẹ́bà ń tẹ̀ kò ju fáàfù lọ: ó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ inú táǹkì kó lọ sínú ṣáńbà, ìyẹn ìkòkò irin roboto tó wà nítòsí táyà. Afẹ́fẹ́ á ti rọ́bà inú ṣáńbà, rọ́bà á ti ọ̀pá irin kan jáde, ọ̀pá á yí apá kan tó ń jẹ́ àjọ́sítà, àjọ́sítà á sì yí irin gígùn kan tí wọ́n gé orí rẹ̀ bíi lẹ́tà S. Orí S yẹn ló ń la bàtà bíréèkì méjèèjì kí láínì tó bò wọ́n lè fún mọ́ dírọ́ọ̀mù, ìyẹn irin roboto tó ń bá táyà yí.

Ní ẹ̀yìn àwọn ṣáńbà kan, ṣáńbà kejì tún wà tí sípíríǹgì ńlá ká sínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni sípíríǹgì yìí fẹ́ mú bíréèkì. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè rìn. Háńbíréèkì trélà nìyẹn: tí dírẹ́bà bá fà á, afẹ́fẹ́ ló tú jáde, sípíríǹgì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lójú ọ̀nà, iná tàbí fèrè ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti ké kó tó wálẹ̀ ju 60 psi lọ. Bí dírẹ́bà bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, sípíríǹgì á mú fúnra rẹ̀ nígbà tí géèjì bá wà láàárín 45 sí 20.

Kí ló wá ń ṣe trélà tó fi ń sá lọ?

Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ pé. Géèjì ń fi 110 hàn. Ohun tí kò pé ni ìrìn ọ̀pá yẹn. Bí láínì ṣe ń jẹ, àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti dírọ́ọ̀mù ń fẹ̀ sí i, ọ̀pá sì ní láti rìn jìnnà sí i kí bàtà tó kan irin. Ibi tí ọ̀pá lè rìn dé sì lópin. Lára ṣáńbà tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní 30, íńṣì 2 ni ààlà. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ á máa wálẹ̀ kíákíá. Tó bá sì kan òpin ṣáńbà, kò sí bíréèkì níbẹ̀ mọ́, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Sípíríǹgì pàápàá kò lè gbani nígbà náà, torí ọ̀pá kan náà lòun náà ń tì.

Dírẹ́bà kò sì ní mọ̀. Ibi tó léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Nínú ọkọ̀ kékeré, bíréèkì tó ń bàjẹ́ á máa rọ̀ lẹ́sẹ̀, èèyàn á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Nínú trélà, fáàfù lásán ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bó ṣe le lánàá náà ló ṣe le lónìí, bí bíréèkì 4 nínú 10 tilẹ̀ ti kú. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn tó kù á máa ru ẹrù àwọn tó ti kú, ọkọ̀ á sì máa dúró. Ó dọjọ́ tó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ooru ló ń wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Dírọ́ọ̀mù tó bá gbóná máa ń fẹ̀, fífẹ̀ yẹn sì tún fi kún ìrìn ọ̀pá. Ọkọ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ wà létí ààlà nínú ọgbà á ti kọjá ààlà kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè. Láínì fúnra rẹ̀, tó bá gbóná jù, kì í di irin mú dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi lè búra pé bíréèkì náà mú láàárọ̀, tí dírẹ́bà náà sì búra pé kò mú lọ́sàn-án, tí kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ ẹrù sọ̀kalẹ̀ ní àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè á mọ òórùn tí mò ń sọ, òórùn láínì tó ń jóná tó máa ń wọ inú ọkọ̀ kí èéfín tó yọ.

Dírẹ́bà tó gbọ́nà á ti wọ jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá dé àárín. Ẹ́ńjìnnì ló máa fi dá ọkọ̀ lọ́wọ́ kọ́, bíréèkì á kàn ràn án lọ́wọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn dírẹ́bà ní Amẹ́ríkà ni pé tí ọkọ̀ bá ti dé eré tó yẹ kó mọ, kí wọ́n tẹ bíréèkì gidi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3, títí eré yóò fi wálẹ̀ ní máìlì 5 ní wákàtí kan, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n má sì tún tẹ̀ ẹ́ àfìgbà tó bá tún gòkè. Lọ́dọ̀ wa, àwọn kan á yọ jíà sí fírì kí dísù má baà jẹ púpọ̀, wọ́n á wá fi gbogbo ìwúwo ọkọ̀ lé bíréèkì lọ́rùn. Àwọn mìíràn á máa pọ́ǹpù pẹ́dàlì, àṣà tí wọ́n kọ́ lórí ọkọ̀ kékeré. Lára trélà, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ tó sì jọ̀wọ́ ni afẹ́fẹ́ ń dànù, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò sì ní lè tètè dí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin onímọ́tò kékeré níbí. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rìn láti iwájú dé ìdí trélà kí bíréèkì ẹ̀yìn tó mú. Nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni, ṣùgbọ́n tí eré bá jẹ́ 88 km/h, ọkọ̀ ti jẹ nǹkan bíi mítà 12 kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń já wọ iwájú trélà ní Kárà, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ lè yà, mítà 12 yẹn lẹ̀ ń fi ẹ̀mí ta.

Títún àjọ́sítà ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ há táyà dáadáa lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ tú háńbíréèkì, kí ẹ fi ọwọ́ fa àjọ́sítà gidi: tó bá rìn ju nǹkan bí íńṣì 1 lọ, ó fẹ́ àtúnṣe. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, wọ́n á fi sípánà yí i títí láínì á fi kan dírọ́ọ̀mù, wọ́n á wá dá a padà díẹ̀, kó má ju ìdajì yíyí kan lọ. Èyí tó ń yí ara rẹ̀ ti di dandan lára ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa sì ní in. Àṣìṣe ńlá ni kí mẹkáníìkì máa fi sípánà yí irú èyí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bó bá ti ń bẹ̀bẹ̀ fún sípánà, òun fúnra rẹ̀ ti kú, tàbí búṣì irin S ti jẹ, tàbí ọ̀pá ti wọ́. Yíyí tí wọ́n ń yí i kàn ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni. Láínì náà kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju ìdámẹ́rin íńṣì lọ. Tí gíríìsì tàbí ọ́ìlì bá ti jò sórí rẹ̀, ìnujú àti epo pẹtiróò kò lè wò ó sàn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ti òdìkejì pẹ̀lú, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí ẹ bá rà ní ọjà Ládiípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àrà ni wọ́n ń fi ayédèrú dá.

Omi ni ọ̀tá kejì, òun ló sì rọrùn jù láti bá jà. Afẹ́fẹ́ Èkó àti Wàrì kún fún omi. Tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá fún un pọ̀, omi á kán sílẹ̀ nínú táǹkì. Bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá ti gbó, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á bá omi lọ. Àdàlù yẹn ń mú kí táǹkì dípẹtà nínú, ó ń jẹ rọ́bà fáàfù, ó sì ń gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Ìdí táǹkì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu kékeré tí wọ́n ń ṣí tàbí wáyà tí wọ́n ń fà. Ẹ fà á lálálẹ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ sì wo ohun tó jáde. Omi díẹ̀ tó mọ́ kò burú. Tí omi bá pọ̀ lójoojúmọ́, agolo tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ti kú. Tó bá jẹ́ ohun dúdú tó ń yọ̀, ẹ lọ wo kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Agolo yẹn ní ohun kan nínú tó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n nínú àwọn tòkunbọ̀ tí mo ti yọjú sí abẹ́ wọn, mo ti rí èyí tí wọ́n yọ agolo náà dànù, tí wọ́n sì so páìpù kọjá ààyè rẹ̀.

Jíjò, aago la fi ń mú un. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún, ẹ há táyà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú háńbíréèkì, kí ẹ wá tẹjú mọ́ géèjì fún ìṣẹ́jú 1. Ìlànà Amẹ́ríkà ni pé orí àti ẹ̀yìn tó so pọ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù ju psi 3 lọ. Bí ẹsẹ̀ bá wà lórí pẹ́dàlì, psi 4. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ pẹ́dàlì ní àtẹ̀túnntẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wálẹ̀: ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ké kó tó kọjá 60, bọ́tìnì háńbíréèkì sì gbọ́dọ̀ yọ fúnra rẹ̀ kó tó kọjá 20. Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tí dírẹ́bà fi ń jẹun àárọ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ sí ibùdó trélà èyíkéyìí ní ìdájí, ẹ óò gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń súfèé lábẹ́ ọkọ̀ tó ti múra ìrìn. Fèrè ìkìlọ̀ ò ní ké, torí wọ́n ti já wáyà rẹ̀ kó má baà máa dí wọn létí.

Ohun mìíràn tó mú kí ọ̀rọ̀ wa le ju ti àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà lọ ni pé àdàpọ̀ ni trélà wa. Orí Mack láti Amẹ́ríkà lè máa fa ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe ní Jámánì, kí DAF máa fa èyí tí wáídà jó pọ̀ níbí, kí Howo láti Ṣáínà wà láàárín wọn. Họ́ọ̀sì méjì ló so orí mọ́ ẹ̀yìn: ọ̀kan ń kó afẹ́fẹ́ lọ sí táǹkì ẹ̀yìn, ìkejì ń gbé àṣẹ ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ. Pupa ni ti àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ìkejì jẹ́ búlúù ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ yẹ́lò ní Yúróòpù. Ẹni tó bá gbé wọn sódì, tí ẹ̀yìn bá ní sípíríǹgì, ọkọ̀ ò ní rìn, kíá ni yóò mọ̀. Tí ẹ̀yìn bá jẹ́ ògbólógbòó tí kò ní sípíríǹgì, ọkọ̀ á rìn, kò sì ní sí bíréèkì lẹ́yìn rárá. Iná wọn náà ò dọ́gba, fóòtì 12 ni ti Amẹ́ríkà, 24 ni ti Yúróòpù, ABS ẹ̀yìn ló sì máa ń fara gbá a. Iṣẹ́ ABS ni kí táyà má tì pa nígbà tí bíréèkì bá mú jù, kí ẹ̀yìn má baà ká lu orí. Wáyà rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ láìso.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ṣì jẹ́ àìmọ̀ tàbí àìbìkítà. Èyí tó burú jù, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Rọ́bà ṣáńbà kan ya lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń tú, ọlọ́jà ń pe fóònù. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà á tú họ́ọ̀sì ṣáńbà náà, á ki bóòtù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á fi tíúùbù táyà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ wé e le dandan. Jíjò dá. Tí sípíríǹgì bá ti di táyà mú, á ki bóòtù gígùn bọ ẹ̀yìn ṣáńbà, á máa fi nọ́ọ̀tì fà á títí sípíríǹgì á fi ká wọ inú. Táyà tú. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ tí wọ́n fẹ́ wọ́ kúrò lójú ọ̀nà ni wọ́n ṣe bóòtù gígùn yẹn fún. Ọkọ̀ yìí á gbé ẹrù dé Kánò pẹ̀lú rẹ̀, á gbé òmíràn bọ̀, ọ̀rọ̀ ṣáńbà á sì di ohun ìgbàgbé. Bó bá ṣe díẹ̀, á kan ṣáńbà mìíràn. Ọjọ́ tí dírẹ́bà bá wá tẹ bíréèkì lórí òkè tí kò mú, a óò ní bíréèkì já. Kò já. Wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ronú pé òun á tú ṣáńbà sípíríǹgì kó lè pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Agbára tó ká síbẹ̀ ju ti kílò 500 lọ; bó bá fò jáde, ó lè pa ẹni tó dúró tì í lójú ẹsẹ̀. Odindi ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ ọkọ̀ tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ trélà pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tó ń fi há táyà nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. A ti rí i títí, ojú wa ò tiẹ̀ rí i mọ́. Igi yẹn ń jẹ́rìí ní gbangba pé dírẹ́bà ò fọkàn tán háńbíréèkì rẹ̀. Ọlọ́pàá ń rí i. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń rí i. Wọ́n á dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n á béèrè ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì, igi á sì wà nílẹ̀ lábẹ́ táyà níwájú wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ní Amẹ́ríkà, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀pá, wọ́n á ní kí dírẹ́bà tẹ bíréèkì, wọ́n á wọn ìrìn rẹ̀. Tí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún bíréèkì ọkọ̀ bá lábùkù, ìyẹn 2 péré nínú 10, ọkọ̀ náà ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá tún un ṣe. Àwa náà kò ṣàìní òfin. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti fi gbèdéke 60 km/h sí eré trélà àti ọkọ̀ agbépo ní ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n sì ní ètò tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ agbépo wò ní ibùdó epo kó tó gbé epo. Ètò dáadáa ni. Ó yẹ kó kan ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, ti yẹ̀pẹ̀ àti ti kọ̀ńténà pẹ̀lú, torí òkè kò bèèrè ohun tí ọkọ̀ gbé. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti rúlà. Fífi pẹ́ẹ̀nì sàmì sórí ìwé nìkan ò lè rí bóòtù tó wà nínú họ́ọ̀sì.

Owó ló wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ dá dírẹ́bà nìkan lẹ́bi. Iye ìrìn tó bá rìn lowó tó máa rí. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọjọ́ ebi ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló lè yí i padà, òun náà ló sì máa ń jìnnà jù sí abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ ra ṣáńbà àti họ́ọ̀sì sílẹ̀ nílé. Ẹ san owó ọjọ́ fún dírẹ́bà nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní àtúnṣe. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé ẹ kò fẹ́ rí bóòtù nínú họ́ọ̀sì, kí ẹ sì wá ọjọ́ kan nínú oṣù tí ẹ̀yin fúnra yín á tẹ̀ ba wo abẹ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí dírẹ́bà yín bá sì pè yín pé, "Ọ̀gá, bíréèkì ẹ̀yìn yẹn ò mú dáadáa o," ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un pé kó rọra máa gbé e bọ̀. Ẹ ní kó páàkì síbi tó wà, kí ẹ wá mẹkáníìkì lọ bá a.